Ọ̀rọ̀ Tí N Kò Fàlà Sí Nídìí

Àwọn ọmọ àbúrò mi ní orúkọ kan tí wọ́n máa ń pè mí lẹ́yìn. Ìyá Ẹ-Jẹ́-Ó-Parí ni wọ́n ń pè mí. Wọ́n rò pé n kò mọ̀, ṣùgbọ́n ògiri agboolé wa ní Ẹ̀jìgbò kò nípọn tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó fà á ni pé bí ẹbí bá jókòó lórí ọ̀rọ̀ ọmọdé kan, tí ọmọ náà ti kúnlẹ̀, tó ti ní òun jẹ̀bi, tí àwọn àgbà sì ti ń gbọn aṣọ wọn láti dìde, èmi ni mo máa ń ní kí wọ́n dúró ná, kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ náà parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà mìíràn ọmọ náà kò tilẹ̀ ní ohunkóhun láti sọ mọ́, á kàn máa wò mí bí ẹni pé mo fẹ́ fi kún ìyà rẹ̀. Àwọn kan á rẹ́rìn-ín, inú á bí àwọn mìíràn nítorí pé oúnjẹ ń tutù, ṣùgbọ́n n kì í yé sọ ọ́. Ọdún tí mo kọ́ ọ kò ṣòro fún mi láti rántí. Ọdún tí ẹ̀gúsí so ju bó ṣe yẹ lọ ni.

Lọ́dún náà, ẹ̀gúsí kún gbogbo ilé. Ó wà nínú àpò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n sá a sórí ẹní níwájú ilé, ó kún inú bàsíà kan tó ti ń jò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Oko tó wà lọ́nà ìlú Ọlà ni wọ́n ti ń rù ú bọ̀. Bíbó rẹ̀ ni iṣẹ́ wa, láti ìgbà tí mo bá ti ilé-ìwé dé títí wọn yóò fi pe ìrun alásàárì. Bí mo bá gbọ́ ìró rẹ̀ lónìí, tí ènìyàn mẹ́ta ń bó o pọ̀ láìsọ̀rọ̀, ṣẹ́, ṣẹ́, ṣẹ́, mo máa ń gbọ́ àwọn ìró yòókù tó ń bá a rìn: okùn kànga tó ń han gooro, ẹ̀rọ ìlọta tó ń kù lójú títì, àwọn ọmọ ilé-kéwú tí wọ́n ń ka wàláà wọn lẹ́yìn ògiri, tí olúkúlùkù ń pariwo kí Áfáà má baà mọ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló máa ń jókòó sórí àpótí láàárín wa. Ìyá mi máa ń jókòó sẹ́yìn díẹ̀, nítorí ìyàwó ilé ni, kì í sì í dá sí ọ̀rọ̀ tí wọn kò bá pè é sí. Bàbá mi kò sí nílé. Abíjàn ló wà láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọwọ́, bí ọ̀pọ̀ bàbá ní àdúgbò wa. Bí a bá rí i ní Iléyá ọdún yìí, ohùn rẹ̀ nínú kásẹ́ẹ̀tì ni a ó gbọ́ ní Iléyá tó ń bọ̀.

Ìyá Àgbà kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ tí kì í bá wọn dá lẹ́jọ́. Bí àwọn aládùúgbò bá ń jà, yóò dá ọwọ́ ẹ̀gúsí dúró, yóò yí etí rẹ̀ síbẹ̀, yóò sì sọ ẹni tí yóò jàre fún wa kí ìjà tó parí. Kì í wo ẹni tó sọ òtítọ́. Bí olúkúlùkù ṣe to ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló máa ń wò. "Èyí fìbínú bẹ̀rẹ̀, ó ti jẹ̀bi." "Ẹ gbọ́ tọ̀hún, ó kọ́kọ́ ń kí wọn. Ọlọ́gbọ́n lèyí." Bàbá mi pàápàá nínú kásẹ́ẹ̀tì kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí a bá ti tẹ rédíò, tí ohùn náà jáde, "Ìyá mi, ẹ kú ilé, ẹ kú ojú lọ́nà," Ìyá Àgbà yóò dáhùn pé, "Ìwọ náà kú ìrìn o, ọmọ mi. Ṣé àlàáfíà lo wà?" Bàbá mi kò ní dúró gbọ́ èsì, yóò máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Ìyá Àgbà yóò wò wá lójú, yóò ní, "Ẹ ò rí nǹkan? Kásẹ́ẹ̀tì ò létí." Ẹ̀rín la máa ń fi í rín nígbà yẹn.

Mo wà ní kíláàsì kẹta ní girama. Tíṣà tó ń kọ́ wa ní Yorùbá jẹ́ ọkùnrin tín-ín-rín kan tó máa ń gun alùpùpù wá láti Masifa, tí eruku kì í sì í kúrò ní bàtà rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ eré oníṣe kékeré kan, ó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, ó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wa ní tiwa. Inú ìran kan ṣoṣo ló ti fẹ́ mú ìbéèrè ìdánwò. Nínú ìran náà, wọ́n mú obìnrin kan tó ń jẹ́ Wúràọlá wá síwájú àwọn àgbà ilé ọkọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ fẹ́ kó iṣu oko rẹ̀ fún àlejò, Wúràọlá sì sọ sí i lójú ọjà pé iṣu òun ni, ẹni tó bá tó bẹ́ẹ̀ kó fọwọ́ kàn án. Nítorí àfojúdi yìí ni wọ́n ṣe fẹ́ gba oko náà lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá. Tíṣà kọ ìbéèrè rẹ̀ sójú pátákó kí ọjọ́ ìdánwò tó pé rárá: Ṣàlàyé bí Wúràọlá ṣe gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kalẹ̀ títí ó fi jàre. Ó ní kí a mú báírò pupa, kí a fàlà sí ìdí gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá ti ẹnu Wúràọlá jáde, kí a má fi àkókò ṣòfò lórí tàwọn tó kù. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ ìwé, ohun tí wọ́n bá ní kí n ṣe gan-an ni mo máa ń ṣe.

Mo máa ń tẹ́ bébà náà sórí itan mi bí mo ti ń bó ẹ̀gúsí. Ìyá Àgbà ní tó bá jẹ́ pé ẹnu lásán ni mò ń jù, kí n kúkú jù ú sókè kí òun náà gbọ́. Mo sọ ìdí tí wọ́n fi mú Wúràọlá wá fún un, mo wá ń ka ibi tó pupa:

"Mo kí yín o, ẹ̀yin àgbà. Ẹjọ́ mi, ẹ̀bi ni. Mo sọ ọ́. Ẹnu mi yìí náà ni mo fi sọ ọ́."

Mo fò wá sí ibi pupa tó tẹ̀lé e:

"Ìbéèrè díẹ̀ ni mo ní. Ta ló kọ ebè oko yẹn? Ta ló ru iṣu ibẹ̀ wálé nígbà tí òjò ń pa wá? Ọdún tí ìyàn mú, iṣu ta ni gbogbo ilé yìí jẹ? Ẹ̀bi tí mo gbà yìí wá ńkọ́, ẹ bá mi wò ó, ṣé ẹ̀bi ẹnu ni àbí ẹ̀bi iṣu?"

Mo sọ fún Ìyá Àgbà pé àwọn àgbà fẹnu ara wọn dá a lóhùn pé ẹ̀bi ẹnu ni, wọ́n bá a wí, wọ́n sì fi oko rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ìyá Àgbà da ẹ̀gúsí ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní kí n tún un kà. Nígbà tí mo kà á ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó pàtẹ́wọ́, ó ní, "Ẹ gbọ́ obìnrin! Ó fi kékeré ra ńlá. Àjọkẹ́, ṣé o rí i? Ká ní ó ní òun ò jẹ̀bi rárá ni, wọn ì bá bá a fà á títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ó gbà fún wọn, ara wọ́n bá rọ̀. Ẹni tó bá ara ẹ̀ wí tán, kí lèèyàn tún fẹ́ bá a wí? Ó wá ń bi wọ́n lóhun tí wọ́n mọ̀. Kò sọ fún wọn pé òun jàre o. Àwọn ló sọ fún un."

Ohun kan ṣoṣo ni kò dá a lójú. Ó bi mí pé, "Nígbà tó ní òun jẹ̀bi yẹn, kí ni wọ́n sọ?"

Mo wo bébà. Àwọn ọ̀rọ̀ dúdú kan wà láàárín pupa méjèèjì, yíǹkì wọn ti ràn díẹ̀, n kò sì dá ara mi láàmú láti kà wọ́n. "Wọn ò sọ nǹkan kan, Ìyá Àgbà. Wọ́n dákẹ́."

"Wọ́n dákẹ́? Irú àgbà wo nìyẹn?" Ó mirí. "Ó dáa. Bóyá bí tinú ìwé ṣe ń rí nìyẹn."

Láti ọjọ́ náà ni Wúràọlá ti di ará ilé wa. Ìyá Àgbà ń sọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn tó wá kí i bí ẹni pé Ara, ìlú ìtòsí wa, ni wọ́n ti bí obìnrin náà, tí àwọn méjèèjì sì jọ ná ọjà. Èmi náà kọ gbogbo àlàyé Ìyá Àgbà sínú ìdánwò, bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, mo kàn tún un kọ bí ọmọ ilé-ìwé. Èmi ni mo ṣe ipò kìíní. Tíṣà pè mí síta, ó bi mí pé ta ló kọ́ mi. Mo ní ìyá bàbá mi ni, ó sì rò pé tíṣà ni wọ́n.

Nígbà tí Iléyá ku ọjọ́ mẹ́ta, Àǹtí Rìsí dé láti Abíjàn. Àbúrò bàbá mi ni, òun ló ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ tó tóbi jù nínú gbogbo ẹbí wa tó wà lọ́hùn-ún. Òórùn dídùn máa ń kún ilé bó bá dé. Ó kó aṣẹ́kẹ́, gàrí tútù tí wọ́n ń jẹ ní Abíjàn, wá, ó kó ọṣẹ wá, ó ń fi Faransé sọ "sẹ́ bọ́n," ìyẹn ó dáa, àti "dákọ́ọ̀," ìyẹn mo gbà, láàárín ọ̀rọ̀ kí ó tó rántí pé ilé ni òun wà. Mo fẹ́ràn rẹ̀, n kò ní purọ́. Ní ọjọ́ kejì Iléyá, àlejò kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, a ń jẹ ẹran díndín, ó ní kí a gbé rédíò wá, ó ki kásẹ́ẹ̀tì bàbá mi bọ̀ ọ́. Bàbá mi kí gbogbo ilé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá ní Ṣífáwù, èmi tí Ìyá Àgbà ń fi oríkì pè ní Àjọkẹ́, yóò bá Rìsí padà bọ̀, yóò máa ràn án lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù, yóò sì kọ́ òwò. Ó ní èyí tó kà nílé-ìwé náà ti tó obìnrin.

Ìyá Àgbà bi rédíò pé, "Ṣé o ti bi í?" Rédíò ti bọ́ sórí kíkí àwọn ará àdúgbò.

Èmi ni mo dìde. Mo sọ fún Àǹtí Rìsí, lójú àlejò, pé n kò lọ, pé kó wá ọmọ ọ̀dọ̀ síbòmíràn. Ìyá mi fọwọ́ bo ẹnu. Àǹtí Rìsí pa rédíò, ojú rẹ̀ sì pọ́n. Alàájì, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó jẹ́ olórí ilé, ní ẹbí yóò jókòó lórí rẹ̀ láàárọ̀ Sátidé.

Mo rò pé Ìyá Àgbà yóò kàn pàṣẹ pé n kò ní lọ. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú Sátidé, a ń bó ẹ̀gúsí, ó ní, "Bí mo bá sọ pé o ò ní lọ, wọ́n á ní arúgbó ń wá ẹni tí á máa bomi fún òun. Ìwọ lo máa rojọ́ ara rẹ. Wúràọlá ni kó o ṣe. Gba ẹ̀bi ẹnu fún wọn. Bó o bá ti gbà á, mí díẹ̀, jẹ́ kó wọ̀ wọ́n lára. Kó o wá bi wọ́n. Èmi náà á wà ńbẹ̀." Àwa méjèèjì la jọ to ìbéèrè náà. Ta ló ń ka lẹ́tà tó ń ti Abíjàn bọ̀ fún gbogbo agboolé yìí? Ta ló ń kọ èsì rẹ̀? Nígbà tí nọ́ọ̀sì fún Alàájì ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ta ló ka ara páálí fún wọn tí wọn kò fi ṣì í lò? Ẹ̀bi tí mo gbà yìí wá ńkọ́, ṣé ẹ̀bi ẹnu ni àbí ẹ̀bi ilé-ìwé? Mo kọ́ ọ sórí bí ọmọ ilé-kéwú. Ìyá mi ń bó ẹ̀gúsí tirẹ̀ lẹ́yìn wa, mo sì gbọ́ nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Ní Sátidé, wọ́n tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Alàájì jókòó, Àǹtí Rìsí jókòó, Ìyá Àgbà wà lórí àpótí rẹ̀ ní igun, ìyá mi wà lẹ́nu ọ̀nà. Oúnjẹ àárọ̀ ti wà nínú abọ́ tí wọ́n dé, torí ẹbí kì í jẹun kí ọ̀rọ̀ tó tán. Alàájì sọ ẹ̀sùn mi, ó ní kí n sọ tẹnu mi. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Mo kí yín o, ẹ̀yin àgbà. Ẹjọ́ mi, ẹ̀bi ni. Mo sọ ọ́. Ẹnu mi yìí náà ni mo fi sọ ọ́." Mo wá mí díẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ mi.

Alàájì rẹ́rìn-ín músẹ́. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, inú rẹ̀ dùn ni. Ó ní, "Alhamudulilahi. Ẹni tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Dìde, ọmọ mi. Rìsí, o gbọ́ o, ó ti tọrọ àforíjì. Ẹ bá wa ka fátíà sí i, kí Ọlọ́run jẹ́ kí ìrìn àjò yín sunwọ̀n." Gbogbo ọwọ́ lọ sókè. Mo rí ti Ìyá Àgbà, òun ló gbé tirẹ̀ kẹ́yìn. Kí n tó mọ̀, wọ́n ti ń ṣàmín, wọ́n ti ń fọwọ́ ra ojú. Àǹtí Rìsí fà mí dìde, ó dì mọ́ mi, ó ní, "Sẹ́ bọ́n, ọmọ mi, ó ti tán nínú mi." Omi wà lójú rẹ̀. Ìyá mi kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ ṣeun, ọkọ mi," bó ṣe máa ń pe àbúrò ọkọ rẹ̀. Wọ́n ṣí abọ́. Ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lẹ́nu mi pẹ̀lú ẹran díndín.

Mo ti rò ó títí, n kò sì rí ẹni tí mo lè bínú sí. Wọ́n dárí jì mí tọkàntọkàn. Ní ilé wa, ẹni tó bá gbẹ̀bi ti parí ẹjọ́ nìyẹn, títẹ̀ síwájú láti máa bá a wí ni yóò burú. Ọ̀rọ̀ tí a bá sì ti ka fátíà sí, ẹnikẹ́ni kì í tún tú u. Àṣìṣe mi ni pé mo kó ẹ̀bi ẹnu àti ọ̀rọ̀ ilé-ìwé síwájú wọn nínú ẹrù kan, wọ́n sì dì í pọ̀ nínú àdúrà kan ṣoṣo. Ó dùn mí o. Ọdún mọ́kànlá ni mo lò lọ́hùn-ún. Mo kọ́ òwò, mo gbọ́ Faransé ọjà débi pé wọ́n ń bi mí bóyá ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, n kò ṣe aláìní. Ṣùgbọ́n tí mo bá rí ọmọbìnrin nínú aṣọ girama lọ́sàn-án, tó ń lọ sílé pẹ̀lú ìwé lórí, mo máa ń wò ó títí yóò fi yà.

Ọ̀sán tó ṣáájú ọjọ́ tí a ó lọ, ẹ̀gúsí ti kù díẹ̀. Ìyá Àgbà ní kí n mú Wúràọlá wá, òun fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ní, "Kò yé mi. Mò ń retí kí wọ́n dákẹ́ bí tinú ìwé. Kí n tó mọ̀, wọ́n ti gbọ́wọ́ àdúrà sókè." Mo tẹ́ bébà sórí itan. Ní ọjọ́ náà n kò wo pupa, n kò wo dúdú, mo kàn ń kà á lọ torí pé mi ò fẹ́ kó tètè tán. "Ẹjọ́ mi, ẹ̀bi ni. Mo sọ ọ́. Ẹnu mi yìí náà ni mo fi sọ ọ́." Mo ka dúdú tó tẹ̀lé e. Olórí ilé ní: Ó ti tán, ẹ jẹ́ ká dìde. Ìyá arúgbó kan ní igun ilé ní: Ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ ó parí.

Tíṣà kò fún ìyá arúgbó náà ní ọ̀rọ̀ mìíràn nínú gbogbo eré.

Ọwọ́ Ìyá Àgbà dúró. "Ta ló sọ ìyẹn?"

"Ìyá arúgbó kan ni."

"Ṣé ó ti wà ńbẹ̀ látọjọ́ yìí?"

"Ó ti wà ńbẹ̀, Ìyá Àgbà. Wọn ò ní ká fàlà sí i ni."

Kò bínú. Ó ṣa èèpo ẹ̀gúsí kan kúrò lórí aṣọ mi, ó wò ó, ó jù ú nù.

"Àjọkẹ́," ó ní, "o ò sọ fún mi pé mo wà nínú ẹ̀."